Àwo odindi tí obìnrin lé orin rẹ̀: èwo ni ká gbọ́, ẹ̀dà wo ni ká rà?

Àbẹ̀kẹ́Olórin

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká jọ kó àwọn àwo tí obìnrin lé orin inú wọn jọ síbí, ì báà jẹ́ orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lára páálí, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ ló ń ṣíwájú. Àwo odindi ni mò ń wá o, kì í ṣe orin kan tó gbajúmọ̀. Àwo tí èèyàn á gbé abẹ́rẹ́ lé, tí kò ní fo nǹkan kan títí ojú kejì á fi parí. Wákà, sóòlù, rọ́ọ̀kì, sálsà, híìpù-họ́ọ̀pù, gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́. Tí ẹ bá dárúkọ àwo, ẹ bá wa fi ọdún rẹ̀ sí i, ẹ sọ ohun tí etí máa wá níbẹ̀, ẹ sì sọ ẹ̀dà tó yẹ ká rà tàbí ká gbọ́ lórí fóònù, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára ni wọ́n ti gé tàbí tí wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà.

OnígìtáÌbàdàn

Ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ìbejì tí wọ́n bí nílùú Jos ní 1948, tí Ìbàdàn sì jẹ́ ilé wọn. Àwo mẹ́rin ni wọ́n ṣe léraléra fún Afrodisia, ẹ̀ka iléeṣẹ́ Decca ní Nàìjíríà: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright ló bá wọn to ohùn èlò pọ̀, òun náà ló sì ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Danger ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Orin mẹ́fà péré ni. Ohun tí etí máa wá ni pé àwọn méjèèjì kì í pín ara wọn sí ẹni tó ń lé àti ẹni tó ń gbè. Wọ́n jọ ń lé e ni: ọ̀rọ̀ kan náà, èémí kan náà, ohùn ọ̀kan lókè, tèkejì nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ, ohùn kan ṣoṣo ni ẹ máa rò pé ó jẹ́. Ẹ fi íáfóònù gbọ́ Life's Gone Down Low lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ọkàn bá ohùn ìsàlẹ̀ lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ wá bá tòkè lọ. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe máa tó hàn.

Ní tèmi, Horizon Unlimited ló ga jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orere Elejigbo ló ṣí i, Yorùbá pọ́ńbélé, ìlù ló wà níwájú, gìtá ń tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn a máa pè wọ́n ní àwo "afrobeat" nítorí pé mọ̀lẹ́bí Fẹlá ni wọ́n. Ẹ fetí sí i dáadáa: orin wọn kì í gùn bíi ti Fẹlá, kò sí ìpè tó ń fọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àti ohùn ni igi lẹ́yìn ọgbà gbogbo orin náà.

Ní ti ẹ̀dà: èyí tí Decca kọ́kọ́ tẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, èyí tó sì pọ̀ nínú wọn lọ́jà ti họ kọjá àtúnṣe. Iléeṣẹ́ Knitting Factory tún àwo wọ̀nyí tẹ̀ láàárín 2011 sí 2012, iléeṣẹ́ Numero Group sì tún Horizon Unlimited gbé jáde ní 2024. Ẹ má ra Afro-Beat Soul Sisters ti Soul Jazz tí ẹ bá fẹ́ àwo odindi. Àkójọ ni, ó mú lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ỌmọÌjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, Onígìtá. Wákà ni mo fẹ́ sọ tèmi lé, torí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbé orin sórí ayélujára ti ń bà á jẹ́ jù.

Àwo wákà kì í ṣe orin mẹ́wàá tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kan lè jẹ́ orin tó ń lọ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró. Orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà lára páálí, ṣùgbọ́n ìlù kò sinmi láàárín wọn. Ìyá ìlù ló ń fa ọ̀kan wọ inú èkejì, aṣáájú á kàn yí ohùn padà, àwọn elégbè á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹnì kan bá wá gé e sí wẹ́wẹ́ kó lè ní orin púpọ̀ lójú ewé rẹ̀, ibi ìyípadà yẹn gan-an ló máa ń gé. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Nítorí náà, tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ "Side 1" sí, tó lé ní ìṣẹ́jú 15, òun ni kí ẹ mú, ì báà tiẹ̀ máa dún ṣíríṣírí díẹ̀.

Bátílẹ̀ Àlàkẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Òun ló gbé wákà kúrò ní agbo ìnáwó wọ inú àwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sàláwà Àbẹ̀ní, tí Leader Records gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, ìyẹn èyí tó fi dárò Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún yẹn. Ọmọ nǹkan bí ọdún 15 ni nígbà náà. Ẹ fetí sí bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ga láìfi igbe bọ̀ ọ́, àti bó ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró kí ìlù lè sọ tirẹ̀.

Tí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ fò lọ sí Congratulations ti 1991, kí ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìlù ti pọ̀ sí i, eré rẹ̀ ti yá bíi ti fújì, àwọn elégbè ti kún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Aláàfin Lámídì Adéyẹmí fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀kan láìgbọ́ èkejì kò tíì mọ ibi tí wákà rìn dé láàárín ọdún 15 yẹn.

Káṣìfù_Kásẹ́ẹ̀tì

Mo fi kún ti ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú. Púpọ̀ nínú wákà àti jùjú àwọn obìnrin, títí kan ti Queen Ọládùnní Decency tó ń ta gìtá fúnra rẹ̀ tó sì ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa rí i lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹ má kàn ti kásẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún pípẹ́ bọ ẹ̀rọ kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù yí i wò. Tó bá le, téèpù ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ sá a síwájú dópin, kí ẹ tún sá a padà, kó tó di pé ẹ gbọ́ ọ. Ẹ wo òwú kékeré tó wà láàárín, lẹ́yìn téèpù, lórí irin pẹlẹbẹ. Òun ló ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ, ìyẹn irin kékeré tó ń ka ohùn lára téèpù. Tó bá ti bọ́, ohùn á máa lọ á máa bọ̀, ẹ ó sì rò pé orin ló ti bàjẹ́. Ẹ yọ tuntun lára kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ní ṣíkíróò. Márùn-ún ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ fi òwú etí tí ẹ tẹ̀ bọ ọtí isopropyl, 90% ó kéré tán, nu orí ẹ̀rọ. Ẹ dúró kó gbẹ.

Tí orin bá wá dún bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó, orí ẹ̀rọ ni kò dọ́gba pẹ̀lú téèpù. Ṣíkíróò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ibi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo ti ń dún nínú orin, ẹ máa yí ṣíkíróò náà díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdá mẹ́rin ìyípo kan lọ, títí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á fi là gaara. Kò sí ohun èlò tó dára fún àyẹ̀wò yìí tó ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, torí òkè pátápátá ni ohùn rẹ̀ wà, òkè yẹn ló sì kọ́kọ́ máa ń sọnù. Ìgbà tó bá là ni kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ojú kan lẹ́ẹ̀kan, láìgé e.

AdéLọ́ńdọ́nù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ wa kan wà tí ayé ń pè ní Sade, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ ni. Folásadé Adú ni obìnrin náà, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní oṣù kìíní 1959. Stuart Matthewman ló ń fọn sasofóònù tó sì ń ta gìtá, Paul Denman ló ń ta béèsì, Andrew Hale ló wà nídìí dùùrù. Tí ẹ bá gbọ́ ọ bí àwo obìnrin kan pẹ̀lú àwọn tí wọ́n háyà, ẹ máa pàdánù ìdajì rẹ̀.

Diamond Life, 1984. Robin Millar ló darí gbígba ohùn rẹ̀ ní sítúdíò Power Plant ní Lọ́ńdọ́nù. Orin mẹ́sàn-án. Ohun tó jẹ́ kí àwo yìí má gbó ni àyè tó wà nínú rẹ̀: wọn kò kó èlò lé ara wọn. Nínú Hang On to Your Love, béèsì ni ẹ máa tẹ̀ lé. Ohùn Sade alára ń lọ lókè béèsì náà láìyára, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ pa "bass boost" tó wà lórí fóònù tàbí sípíkà yín. Ohùn obìnrin yìí wà nísàlẹ̀, béèsì Denman náà sì wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá gbé ìsàlẹ̀ sókè, béèsì á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó wá máa sọ pé kò pe ọ̀rọ̀ dáadáa.

Orin tó kẹ́yìn, Why Can't We Live Together, Timmy Thomas ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1972, pẹ̀lú ọ́gáànù àti ẹ̀rọ ìlù nìkan. Ẹ gbọ́ ti Timmy Thomas kí ẹ tó gbọ́ tiwọn, ẹ ó rí ohun tí wọ́n fi kún un àti ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n fi sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó jinlẹ̀ jù, Love Deluxe ti 1992 ni. Èyí tó parí rẹ̀, Mermaid, kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ẹ má fò ó.

Ìyá_Ẹgbẹ́Akọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Aretha Franklin. Àwo méjì ni mo mú.

Èkíní ni I Never Loved a Man the Way I Love You, Atlantic, oṣù kẹta 1967. Jerry Wexler, tó ń darí gbígba ohùn rẹ̀, gbé e lọ sí sítúdíò FAME ní Muscle Shoals, ìpínlẹ̀ Alabama, ní oṣù kìíní ọdún náà. Orin tó fún àwo lórúkọ nìkan ni wọ́n parí níbẹ̀. Ìjà ṣẹlẹ̀, Aretha sì kúrò. Wọ́n kó àwọn onílù náà wá bá a ní New York láti parí ìyókù. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé Aretha fúnra rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ló ń kọ, nítorí náà dùùrù kì í dúró de ohùn, ohùn kì í sì í dúró de dùùrù. Respect ló ṣí i. Otis Redding ló ni ín, ọkùnrin ló sì ń bẹ ìyàwó rẹ̀ nínú tirẹ̀. Aretha yí i padà di àṣẹ, ó fi ibi tí wọ́n ti ń pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan sí i, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gbè é lẹ́yìn. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà mónò, ẹ mú un. Nínú ti sítẹ́rìò, wọ́n pín èlò sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà yẹn. Nínú mónò, gbogbo rẹ̀ wà pọ̀, ó sì ń gbá àyà.

Èkejì ni Amazing Grace, 1972. Alẹ́ méjì ni wọ́n fi gbà á, 13 àti 14 oṣù kìíní, nínú ṣọ́ọ̀ṣì New Temple Missionary Baptist ní Los Angeles, pẹ̀lú James Cleveland àti ẹgbẹ́ akọrin Southern California Community Choir. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ fi àwo yìí kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ máa kíyè sí ìgbà tí ẹgbẹ́ dákẹ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń bàjẹ́ nítorí pé gbogbo èèyàn ń kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Nínú orin tó fún àwo náà lórúkọ, tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Aretha á fa sílébù kan gùn títí, àwọn èèyàn inú ìjọ á máa dáhùn, àwọn akọrin á sì kàn máa kùn lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀dà 1972 jẹ́ àwo méjì nínú páálí kan. Ní 1999 wọ́n gbé ohun tí wọ́n gbà ní alẹ́ méjèèjì jáde lódindi. Àtúntò ni ti 1972, nítorí náà ìtòlẹ́sẹẹsẹ méjèèjì kò bára mu. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti 1972. Fíìmù rẹ̀ náà wà, Sydney Pollack ló ya á, ṣùgbọ́n wọn kò lo pátákó ìpàtẹ́wọ́ tí wọ́n fi ń mú àwòrán àti ohùn bára mu, ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kó jáde títí di 2018.

Tọ́lá_Rọ́ọ̀kì

Mo gbé Rumours ti Fleetwood Mac wá, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí ọkùnrin àti obìnrin jọ wà nínú rẹ̀, oṣù kejì 1977. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe àwo obìnrin, ẹ jẹ́ ká kà á. Orin 11 ló wà nínú rẹ̀. Christine McVie kọ mẹ́rin, Stevie Nicks kọ mẹ́ta, Lindsey Buckingham kọ mẹ́ta, gbogbo wọn sì jọ kọ The Chain. Méje nínú mọ́kànlá jẹ́ ti obìnrin.

Ẹ wo èyí náà. Wọ́n gbé téèpù náà gba orí ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà láti fi ohùn kún ohùn, títí ohùn òkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lára rẹ̀, ìlù kò dún gaara mọ́. Wọ́n lọ gbé ẹ̀dà ìṣáájú tí wọ́n tọ́jú pamọ́ jáde, wọ́n sì fi etí àti ọwọ́ mú téèpù méjèèjì rìn pọ̀, ọ̀kan ní etí ọ̀tún, èkejì ní etí òsì, kí wọ́n lè gbé àwọn ohùn tuntun lé ìlù tó ṣì mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlù inú àwo náà fi là tó bẹ́ẹ̀.

Silver Springs ti Stevie Nicks kò sí nínú àwo àkọ́kọ́ nítorí àyè; ẹ̀yìn sìngùlù Go Your Own Way ni wọ́n fi sí. Tí ẹ bá ka orin 12, àtúntẹ̀ ni ẹ mú.

Àbẹ̀kẹ́Olórin

Ẹ̀gbọ́n Tọ́lá, "nítorí àyè" yẹn, ẹ bá mi là á. Ṣé àwo ní ìwọ̀n ni?

Tọ́lá_Rọ́ọ̀kì

Ó ní i. Lórí àwo 33⅓, ìyẹn iye ìgbà tó ń yípo ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 18 sí 22 lójú kan ni ó dára. Bí orin bá ṣe ń pọ̀ ni wọ́n á máa fún ìlà mọ́ra, bí ìlà bá sì ṣe fún mọ́ra ni ohùn máa ń kéré, tí béèsì á sì dín kù. Ohun kejì ni pé létí àwo, ìlà ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi 51 cm ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítòsí àárín, ó ti di nǹkan bíi 21. Orin kan náà á wá há sí àyè kékeré, nítorí náà "s" àti "ṣ" ẹni tó ń kọrin á máa gé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi orin jẹ́jẹ́ parí ojú àwo. Tí ohùn bá ń fọ́ lórí orin tó kẹ́yìn nìkan, ẹ má dá àwo lẹ́bi kí ẹ tó wo bí wọ́n ṣe gbé abẹ́rẹ́ sí.

Mo fi méjì kún un kíákíá. Parallel Lines ti Blondie, 1978: Blondie ni ẹgbẹ́, Debbie Harry ni obìnrin náà. Ẹ wo gígùn Heart of Glass kí ẹ tó rà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ló jẹ́ nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ti dísíkò tó súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ ló bá àwo náà mu jù. Hounds of Love ti Kate Bush, 1985: ojú kìíní jẹ́ orin márùn-ún tó dá dúró, ojú kejì jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo, The Ninth Wave, nípa obìnrin tó wà nínú omi òkun lóru. Tí ẹ bá da ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ rú lórí fóònù, ìtàn náà kú nìyẹn.

Wọlé_Ẹlẹ́rọ

Èyí mú mi dé orí fóònù. Ọ̀nà mẹ́ta ni fóònù ń gbà ba àwo odindi jẹ́. "Shuffle", tó ń da ìtòlẹ́sẹẹsẹ orin rú: ẹ pa á. "Crossfade", tó ń fa ìparí orin kan wọ inú òmíràn: ẹ gbé e sí 0. "Gapless": èyí ni kí ẹ ṣí sílẹ̀, torí láìsí i, ìdákẹ́jẹ́ kékeré á máa já orin tó yẹ kó so mọ́ra. The Ninth Wave àti wákà tí wọ́n gé ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ àléébù náà lára wọn.

Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún orin tí wọ́n gbà láti orí àwo tí ẹ̀rọ wọn ń sáré. Tí ohùn olórin tí ẹ mọ̀ bá tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìṣẹ́jú orin sì dín sí èyí tó wà lára páálí, eré ẹ̀rọ ni.

ỌmọYemọja

Ẹ jẹ́ ká sọdá òkun. Clara Nunes, ará Brazil, Claridade, 1975. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ A Deusa dos Orixás. Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã lọ́hùn-ún, Ògún àti Ṣàngó ni ó dá lé. Èdè Potogí ni, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí kò ní gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn. Sáḿbà ni orin náà. Ẹ fi etí sí bí ìlù ṣe wà nísàlẹ̀ ohùn rẹ̀ láìbò ó. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, Alvorecer ti 1974, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká.

Celia Cruz, ọmọ Havana ní Kúbà, pẹ̀lú Johnny Pacheco: Celia & Johnny, 1974. Quimbara ló ṣí i. Lílé àti ègbè ni gbogbo rẹ̀, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Celia á kọ́kọ́ sọ ìtàn, lẹ́yìn náà ni ègbè kan á dúró sójú kan, òun á sì máa fi ọ̀rọ̀ tuntun bọ àárín rẹ̀. Ẹ ka ìgbà tó wọlé lẹ́yìn ègbè: kì í wọlé síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá sì fẹ́ orin òrìṣà ti Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kúbà, gan-an, kó wá Mercedita Valdés.

Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní Benin, ni mo fi so ó pọ̀. Ayé ti 1994 ni ẹ máa jó sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo mẹ́ta tó fi tọ ipasẹ̀ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ: Oremi ní 1998 fún Amẹ́ríkà, Black Ivory Soul ní 2002 fún Brazil, Oyaya! ní 2004 fún Karibíánì. Ẹ gbọ́ wọn ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn.

Ẹnì kan tó tún ní Benin lẹ́jẹ̀ wà nínú Nightclubbing ti Grace Jones, 1981: Wally Badarou ló tẹ dùùrù iná níbẹ̀, Sly àti Robbie ará Jàmáíkà ló mú ìlù àti béèsì, ní sítúdíò Compass Point ní Nassau.

ToyinHH

Híìpù-họ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ fò wá. The Miseducation of Lauryn Hill, 1998. Ẹ̀bùn Grammy márùn-ún ló gbà ní 1999, títí kan ti àwo ọdún, àwo híìpù-họ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tó gba ìyẹn. Àárín orin sí orin, ẹ máa gbọ́ olùkọ́ kan tó ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́. Ras Baraka ni, ẹni tó di olórí ìlú Newark lẹ́yìn náà. Ẹ má fò wọ́n, àwọn ni okùn tó so àwo náà. Orin 14 ló wà lára páálí, méjì tún fara pamọ́ lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ó lé ní ìṣẹ́jú 77, àwo méjì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣírò ohun tí Ẹ̀gbọ́n Tọ́lá sọ, ojú kan á jẹ́ nǹkan bí 19.

Nílé, Aṣa, àwo tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, 2007. Cobhams Asuquo ló darí rẹ̀. Orin mẹ́wàá, ó gba ẹ̀bùn orin Prix Constantin ní Faransé ní 2008. Jailer àti Fire on the Mountain ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n Eyé Àdábà àti Bíbánkẹ́ ni kí ẹ fi íáfóònù gbọ́.

OnígìtáÌbàdàn

Mẹ́ta tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ever Liked My Person? ti Christy Essien-Igbokwe, 1981, inú rẹ̀ ni Ṣeun Rere wà. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ó sì fi Yorùbá kọ orin tí gbogbo ìyá Yorùbá mọ̀. Moussolou ti Oumou Sangaré, ará Mali: ẹ tẹ̀ lé okùn kamale ngoni, èlò orin olókùn ilẹ̀ wọn, ó ń bá ohùn rẹ̀ jà. Miss Perfumado ti Cesária Évora, ará Cape Verde, 1992.

Káṣìfù_Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ra àwo àlòkù, ẹ gbé e sábẹ́ iná kí ẹ yí i díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí ojú rí tí èékánná kò kọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Èyí tí èékánná bá kọ́, abẹ́rẹ́ á kọ́ ọ. Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n họ sínú àwo, nítòsí bébà àárín. Ó gbọ́dọ̀ bá ti iléeṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ mu.

Ẹ fọ̀ ọ́ báyìí: omi bátìrì lítà kan, èyí tí kò ní ásíìdì nínú rárá, ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo, kí ẹ tẹ̀ lé ìlà, kí omi má kan bébà àárín. Ẹ fi omi kan náà tí kò lọ́ṣẹ ṣàn án. Ẹ gbé e dúró níbòòji kó gbẹ tán kó tó wọ páálí. Omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ àti ẹfun tí á gbẹ sínú ìlà, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bí ohun tó ń ta pàrà. Àwo àtijọ́ 78, èyí tó ń yípo ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi ọtí kankan kàn án. Ṣẹ́láàkì ni, ọtí á yọ́ ọ.

Ìwọ̀n abẹ́rẹ́: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dára ń fẹ́ gíráàmù 1.5 sí 2.5. Àwọn ẹ̀rọ kékeré inú àpótí sábà máa ń tẹ̀ tó gíráàmù mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n á jẹ àwo yín. Ìwọ̀n tó fúyẹ́ jù náà kò dára, torí abẹ́rẹ́ á máa fò, fífò yẹn gan-an ló sì ń ha ògiri ìlà. Ẹ má fi àwo sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án.

Àbẹ̀kẹ́Olórin

Ẹ ṣé gan-an ni o. Dátà ni ìṣòro tèmi báyìí. Ẹ̀gbọ́n Wọlé, tí mo bá fẹ́ gba Danger, Diamond Life àti Amazing Grace sílẹ̀, èló ni yóò jẹ?

Wọlé_Ẹlẹ́rọ

Àbúrò, ìṣẹ́jú ni kó o fi ṣírò. Kbps ni ìwọ̀n dátà tí orin ń jẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 96 kbps, ìṣẹ́jú 40 jẹ nǹkan bíi 29 MB. Ní 160, 48 MB. Ní 320, 96 MB. FLAC, ẹ̀dà tí wọn kò gé ohùn kankan kúrò nínú rẹ̀, á tó 200 sí 280 MB. Lórí fóònù pẹ̀lú íáfóònù lásán, 160 tó fún Danger. Fún Amazing Grace, lo 320, torí pàtẹ́wọ́ àti ariwo ìjọ ni kbps tó kéré kọ́kọ́ máa ń sọ di omi. Gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí Wi-Fi wà, má máa gbọ́ ọ tààrà lórí ìlà. Tó o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìlà, ó lè jẹ dátà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.